Ọ̀wẹ̀ àti Àáró: Ìtàn Àwọn tí Ó Bá Wa Ké láti Òkèèrè

Ìtàn ni mo fẹ́ sọ lónìí, ṣùgbọ́n kí n tó dá a sílẹ̀, ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ yẹ ọ̀rọ̀ méjì wò, nítorí pé orí ọ̀rọ̀ méjèèjì ni ìtàn náà dúró lé.

Ní Kìṣí, ìlú wa tí ó wà ní ìhà àríwá Òkè-Ògùn, níbi tí ọ̀dàn ti tẹ́ lọ rẹrẹ sí ọ̀dọ̀ àwọn ará Bàrùbá, iṣẹ́ àgbẹ̀ ni àwọn baba wa fi ń jẹun. Iṣu, àgbàdo àti ọkà bàbà ni wọ́n ń gbìn. Ẹni kan ṣoṣo kò lè kọ ebè oko iṣu ńlá tán kí òjò tó dé. Nítorí èyí ni wọ́n ṣe ní oríṣi ìrànlọ́wọ́ méjì. Bí ènìyàn bá ní iṣẹ́ ńlá kan, bí ilé kíkọ́ tàbí oko àna, yóò bẹ àwọn ènìyàn ní ọ̀wẹ̀. Wọn yóò wá lọ́jọ́ kan, yóò se oúnjẹ fún wọn, wọn yóò jẹ, wọn yóò mu, wọn yóò sì lọ sí ilé wọn. Ọ̀rọ̀ parí. Àáró kò rí bẹ́ẹ̀ ní tirẹ̀. Nínú àáró, bí ẹ bá ṣiṣẹ́ ní oko mi lónìí, mo ti jẹ yín ní ọjọ́ kan. Ó di dandan kí n gbé ọkọ́ mi lọ sí oko yín nígbà tí ó bá kàn yín. Ẹni tí ó jẹ àáró tí kò san án, kò tún rí ẹni tí yóò bá a ṣe é mọ́.

Ní ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 11 oṣù Ọ̀wàrà, ìyẹn oṣù kẹwàá, ọdún 2020, mo wà ní Kìṣí. Àwa àti ẹ̀gbọ́n bàbá mi jọ jókòó sí abẹ́ igi mángòrò ní ìrọ̀lẹ́. Àbúrò mi obìnrin tí ó ń gbé ní Lọ́ńdọ̀nù fi àwòrán kan tí ó ní ohùn ránṣẹ́ sí orí fóònù mi. Bí mo ti ṣí i, ariwo ogunlọ́gọ̀ ènìyàn bú jáde.

Bàbá béèrè pé, “Kí ni ariwo yẹn?”

Mo ní, “Àwọn ọmọ wa tí ó wà ní Lọ́ńdọ̀nù ni, Bàbá. Wọ́n ń fẹ̀hónú hàn nítorí àwọn tí ọlọ́pàá ń pa níhìn-ín.”

Wọ́n dákẹ́ díẹ̀. Wọ́n ní, “Ṣé wọ́n mọ ọmọ tí wọ́n pa ní Ògbómọ̀ṣọ́ lánàá ni?”

“Rárá o, Bàbá. Wọn kò mọ̀ ọ́n.”

“Àwọn òyìnbó tí mo ń wò láàárín wọn yìí ńkọ́?”

“Àwọn náà kò mọ̀ ọ́n.”

Bàbá fi ọwọ́ gbọn ewé kúrò ní orí ẹní. Wọ́n ní, “Ó dára. Ọ̀wẹ̀ ni wọ́n bá wa ṣe ni, àbí àáró?”

N kò mọ èsì tí ó yẹ kí n fọ̀. Láti ìgbà náà ni mo ti ń ka ìtàn kiri, tí mo ń wá ìdáhùn. Ohun tí mo rí ni mo kó jọ síhìn-ín.

Ọ̀pá àti idà

Ẹ jẹ́ kí á bẹ̀rẹ̀ láti ibi ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀. Oní àti ọ̀pá ni ó di ọlọ́pàá: ẹni tí ó ní ọ̀pá lọ́wọ́. Kí ọlọ́pàá tó délé dóko, àwọn akọ́dà ni àwọn ará Òkè-Ògùn mọ̀, ìránṣẹ́ ọba àti ti ilé ẹjọ́ ìbílẹ̀, ẹni tí ó gbé idà kọ́ èjìká. Ẹ kíyè sí i pé ohun tí ó wà lọ́wọ́ wọn ni a fi sọ wọ́n lórúkọ. A kò pè wọ́n ní olùṣọ́ tàbí aláàbò. Ohun tí ojú mẹ̀kúnnù kọ́kọ́ rí ni èdè wá gbà sílẹ̀.

Ní ọdún 1914, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì lábẹ́ Lugard so gúúsù àti àríwá Nàìjíríà pọ̀, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í dá ilé ẹjọ́ ìbílẹ̀ tuntun sílẹ̀ káàkiri. Ní agbègbè Ọ̀yọ́, Captain Ross ni Aṣojú ìjọba, Ládígbòlù Kìíní sì ni Aláàfin. Ètò tuntun náà da àtẹ àgbà rú. Àwọn tí ìlú kò kà sí olórí di adájọ́ lórí àwọn tí ó jù wọ́n lọ, ìránṣẹ́ ilé ẹjọ́ sì di ẹni tí a ń sá fún. Ní oṣù Ọ̀wàrà ọdún 1916, àwọn ará Ìṣẹ́yìn àti Òkèhò fárígá. Ẹ̀mí ṣòfò. Ìjọba kó ọmọ ogun wọ̀lú, wọ́n fi agbára pa ọ̀tẹ̀ náà, wọ́n mú ènìyàn, wọ́n sì dá àwọn kan lẹ́jọ́ ikú. Ní ọdún kejì rẹ̀, wọ́n mú kí àwọn ará Òkèhò kúrò ní ibùjókòó wọn àtijọ́ láàárín òkè wá sí ibi tí ìlú náà wà títí di òní.

N kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé aláìṣẹ̀ ni gbogbo ẹni tí ó gbé ohun ìjà lọ́dún náà. Ohun tí ó ká mi lára ni ìdákẹ́jẹ́ tí ó tẹ̀lé e. Ogun àgbáyé àkọ́kọ́ ń lọ lọ́wọ́ nígbà náà. Kò sí ẹgbẹ́ kan ní Lọ́ńdọ̀nù tí ó gbé orúkọ Ìṣẹ́yìn sókè ní ìgboro. Ìròyìn ìjọba ni ó kọ ìtàn náà sílẹ̀, ẹni tí ó sì kọ ìròyìn ni ẹni tí ó rán ọmọ ogun. Bí ó ti ń rí nìyẹn nígbà tí kò bá sí aládùúgbò tí ó gbọ́ igbe: ẹni tí ó na ọmọ náà ni yóò tún ròyìn bí ọmọ náà ti sunkún tó.

Enugu, 1949

Nǹkan bẹ̀rẹ̀ sí í yí padà nígbà tí àwọn ọmọ wa bẹ̀rẹ̀ sí í lọ kàwé ní òkè òkun. Ní ọdún 1925, Ládípọ̀ Ṣólàńkẹ́, ọmọ Abẹ́òkúta, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dá ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà tí a ń pè ní WASU sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù. Láti ìgbà náà ni ilẹ̀ wa ti ní etí àti ẹnu ní ìlú aláṣẹ.

Ní ọjọ́ 18 oṣù Bélú, ìyẹn oṣù kọkànlá, ọdún 1949, àwọn ọlọ́pàá tí ọ̀gá Gẹ̀ẹ́sì kan ṣáájú wọn yìnbọn fún àwọn awakùsà èédú ní àfonífojì Iva ní Enugu. Owó iṣẹ́ wọn ni àwọn òṣìṣẹ́ náà ń jà fún. Ènìyàn 21 ni ó kú, àwọn tí ó farapa sì lé ní 50. Ẹ rántí pé ní ọdún tí ó ṣáájú èyí, àwọn ìwé ìròyìn Èkó ti fi ọ̀rọ̀ Yorùbá àti Ìgbò bú ara wọn débi pé ìjà ìgboro fẹ́rẹ̀ẹ́ bẹ́ sílẹ̀. Síbẹ̀, nígbà tí ìròyìn Enugu dé, ìgbìmọ̀ pàjáwìrì kan dìde ní Èkó láti bá àwọn awakùsà náà dúró, Dókítà Akínọlá Májà, ọmọ Yorùbá, ni alága rẹ̀. Wọ́n béèrè ọ̀rọ̀ náà ní Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin ní Lọ́ńdọ̀nù, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì sì gbé ìgbìmọ̀ ìwádìí Fitzgerald kalẹ̀. Ìròyìn wọn jáde ní ọdún 1950.

Àṣìṣe nínú ìpinnu ni ìgbìmọ̀ náà pe ohun tí ọ̀gá ọlọ́pàá náà ṣe. Ọ̀rọ̀ náà kéré sí òkú 21. Ṣùgbọ́n ẹ fi wé ti ọdún 1916. Ní Òkè-Ògùn, aláṣẹ ni ó ròyìn fún ara rẹ̀. Ní Enugu, wọ́n fi agbára mú aláṣẹ láti jókòó, kí ó gbọ́ ẹ̀rí ní gbangba. Ohun tí ó wà láàárín méjèèjì ni ariwo àwọn tí ìbọn kò bà.

Ẹni tí kò wálé

Ìtàn tí ó tẹ̀lé e yìí ni mo fẹ́ kí ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ dì mú jù. Ní ọdún 1949 kan náà, ọ̀dọ́mọkùnrin ará Èkó kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ David Olúwalé fara pamọ́ sínú ọkọ̀ ojú omi, ó sì gúnlẹ̀ sí Hull ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ó tẹ̀dó sí ìlú Leeds. Ó rí ẹ̀wọ̀n, ó rí ilé ìwòsàn àwọn alárùn ọpọlọ fún ọ̀pọ̀ ọdún, nígbà tí ó sì jáde, kò ní ilé tí yóò sùn sí bí kò ṣe ẹnu ọ̀nà ilé ìtajà.

Ọlọ́pàá méjì, Ellerker àti Kitching, sọ ọ́ di ẹran ìjẹ. Ní òru, wọn a máa wá a kiri, wọn a lù ú, wọn a gbé e lọ sí ẹ̀yìn odi ìlú, wọn a já a sílẹ̀ níbẹ̀. Nínú ìwé àwọn ọlọ́pàá, èébú ni wọ́n kọ sí àyè tí ó yẹ kí orúkọ orílẹ̀-èdè rẹ̀ wà. Ní ọjọ́ 4 oṣù Èbìbí, ìyẹn oṣù karùn-ún, ọdún 1969, wọ́n rí òkú rẹ̀ nínú odò Aire. Wọ́n sin ín sí ibojì àwọn tálákà, ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ parí síbẹ̀. Ọ̀dọ́ kan tí ó ń kọ́ iṣẹ́ ọlọ́pàá, tí òyìnbó bí, ni ó gbọ́ ohun tí àwọn òṣìṣẹ́ ń sọ lábẹ́lẹ̀, tí ó sì fi ẹjọ́ sùn ní ọdún 1970. Ní ọdún 1971, ilé ẹjọ́ ní Leeds rán àwọn méjèèjì lọ sí ẹ̀wọ̀n nítorí ìlùkulù. Wọn kò dá wọn lẹ́bi lórí ikú rẹ̀.

Àwọn ará Leeds, funfun àti dúdú, ni ó ń rántí rẹ̀ láti ìgbà náà. Ní oṣù Igbe, ìyẹn oṣù kẹrin, ọdún 2022, wọ́n gbé àmì ìrántí rẹ̀ kọ́ ní etí odò náà. Lóru ọjọ́ náà gan-an, ẹnìkan já a lọ. Wọ́n tún òmíràn ṣe. Ní oṣù Ṣẹ́rẹ́, ìyẹn oṣù kìíní, ọdún 2023, wọ́n ṣí afárá kan lórí odò Aire, wọ́n sì fi orúkọ David Olúwalé pè é.

Ẹ wo orúkọ náà dáadáa. Olú, wá, ilé: Olúwalé. Nígbà tí mo sọ ìtàn yìí fún Bàbá ní Kìṣí, wọ́n tún orúkọ náà pè lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n ní, “Òun kò wálé o.” Lẹ́yìn náà ni wọ́n béèrè ìbéèrè tí ó gún mi: “Ta ni ó lọ láti ọ̀dọ̀ wa lọ bá wọn dúró níbẹ̀?”

Ọdún 2020

Ẹ̀ka ọlọ́pàá tí a ń pè ní SARS bẹ̀rẹ̀ ní Èkó ní ọdún 1992, lábẹ́ Simeon Danladi Midenda, láti gbógun ti àwọn adigunjalè. Nígbà tí ó yá, ọ̀dọ́ tí ó ní fóònù ńlá tàbí kọ̀ǹpútà lọ́wọ́ di ẹni tí wọ́n ń fura sí. Àjọ Amnesty International kọ ìṣẹ̀lẹ̀ ìfìyàjẹ àti ìpànìyàn 82 sílẹ̀ láàárín oṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún 2017 àti oṣù Èbìbí ọdún 2020. Ní ọjọ́ 8 oṣù Ọ̀wàrà ọdún 2020, àwọn ọ̀dọ́ bẹ̀rẹ̀ ìwọ́de ní Èkó, ó sì tàn ká. Ohun márùn-ún ni wọ́n béèrè fún. Ẹ̀yin tí ẹ rò pé ìkórìíra ọlọ́pàá ni, ẹ gbọ́: ìkarùn-ún nínú rẹ̀ ni pé kí wọ́n fi kún owó oṣù ọlọ́pàá.

Ní ọjọ́ 10, ọjọ́ Àbámẹ́ta, ìbọn pa Jímọ̀ Ìsíákà níbi ìwọ́de ní Ògbómọ̀ṣọ́. Láti Kìṣí, ẹni tí ó bá gba Ìgbẹ́tì sọ̀kalẹ̀, Ògbómọ̀ṣọ́ ni yóò já sí. Ìdí nìyẹn tí ìròyìn náà fi dé ọ̀dọ̀ wa kíákíá, tí Bàbá sì fi mọ̀. Lọ́jọ́ kejì, ìbínú gbé àwọn ènìyàn lọ sí ààfin Ṣọ̀ún, ẹ̀mí mìíràn sì tún bọ́. Lọ́jọ́ kejì yìí kan náà ni ọ̀gá àgbà ọlọ́pàá kéde pé òun ti tú SARS ká, ọjọ́ náà sì ni Wizkid, Ayọ̀dèjì Balógun, wà láàárín àwọn tí ó ń wọ́de ní Lọ́ńdọ̀nù. Ní ọjọ́ 13, wọ́n dá ẹ̀ka mìíràn sílẹ̀ tí wọ́n pè ní SWAT. Àwọn ọ̀dọ́ ní orúkọ ni ó yí padà, ìwà kò yí padà, wọn kò sì kúrò ní ìgboro.

Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, ìwọ́de ṣẹlẹ̀ ní Dublin, Toronto, New York, Berlin, Pretoria àti Accra. Ẹgbẹ́ àwọn obìnrin kan, Feminist Coalition, kó owó tí ó lé ní mílíọ̀nù 147 náírà jọ fún ìtọ́jú àwọn tí ó farapa àti fún agbẹjọ́rò. Nígbà tí ọ̀nà ìsanwó inú ilé dí mọ́ wọn, wọ́n gba bitcoin láti òkè òkun. Lẹ́yìn ìbọn tí àwọn ọmọ ogun yìn ní Lẹkki ní alẹ́ ọjọ́ 20, Joe Biden tí ó ń du ipò ààrẹ Amẹ́ríkà sọ̀rọ̀, akọ̀wé àgbà àjọ ìṣọ̀kan àgbáyé sì sọ̀rọ̀. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ènìyàn tí ó lé ní 220,000 fọwọ́ sí ìwé ẹ̀bẹ̀ kan, àwọn aṣòfin wọn sì jíròrò lé e lórí ní ọjọ́ 23 oṣù Bélú. Ní oṣù Ọ̀pẹ, ìyẹn oṣù kejìlá, Opal Tometi, tí òbí rẹ̀ jẹ́ ọmọ Nàìjíríà, tí ó wà lára àwọn obìnrin mẹ́ta tí ó dá Black Lives Matter sílẹ̀ ní ọdún 2013, kọ lẹ́tà ìta gbangba sí Ààrẹ Buhari, àwọn gbajúmọ̀ púpọ̀ sì fọwọ́ sí i. Ayọ̀ ni obìnrin náà ń jẹ́ báyìí.

Ẹ má sì gbàgbé pé ọ̀nà náà ti là kí ó tó kàn wá. Ní ọjọ́ 25 oṣù Èbìbí ọdún náà ni ọlọ́pàá pa George Floyd ní Minneapolis. Lọ́jọ́ kejì rẹ̀ ni ìbọn ọlọ́pàá bá ọmọbìnrin ọmọ ọdún 16 kan ní Ìyànà-Oworo ní Èkó, tí ó sì kú. Àwọn kan jáde ní Èkó nítorí Floyd nígbà náà. Àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín wọn, wọ́n ní kí ni ó kàn wọ́n nínú ọ̀rọ̀ Amẹ́ríkà. Oṣù márùn-ún lẹ́yìn rẹ̀ ni Amẹ́ríkà ń ké orúkọ Lẹkki.

Kí ni igbe náà ṣe?

Ẹ jẹ́ kí á sọ òtítọ́. Igbe àwọn ará òkèèrè kò dá ọta kan dúró ní Lẹkki. Kò sì dá ìwà ìjàǹdùkú tí ó tẹ̀lé e dúró. Ní ọjọ́ 23, Ààrẹ Buhari sọ pé aráàlú 51, ọlọ́pàá 11 àti ọmọ ogun 7 ti kú. Àwọn ọlọ́pàá náà ní ìyá. Ẹni tí ó bá ń ṣírò òkú, kí ó ṣírò gbogbo rẹ̀.

Igbe náà tilẹ̀ ní ìpalára tirẹ̀. Ó rọ àwọn aláṣẹ lọ́rùn láti wí pé àwọn àjèjì ni ó ń ti àwọn ọmọ náà. Ní oṣù Bélú ọdún 2020, ilé ẹjọ́ fún báńkì àpapọ̀ láṣẹ láti dí àpò owó àwọn ènìyàn àti ilé iṣẹ́ 20 tí ó ní ọwọ́ nínú ìwọ́de náà, ó sì di oṣù Èrèlé ọdún 2021 kí wọ́n tó ṣí i. Nígbà tí ìjọba dá Twitter dúró láti oṣù Òkúdù ọdún 2021 títí di oṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún 2022, mínísítà ètò ìròyìn ka àtìlẹ́yìn tí olórí Twitter ṣe fún ìwọ́de náà sí ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ohun tí ó ṣe ní Enugu ni ó tún ṣe lẹ́ẹ̀kan sí i: kò jẹ́ kí aláṣẹ nìkan ròyìn. Ní Èkó, ìgbìmọ̀ Adájọ́ Doris Okuwobi fi ìròyìn wọn sílẹ̀ ní oṣù Bélú ọdún 2021, wọ́n sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé a lè fi ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Lẹkki wé ìpakúpa. Ìjọba kò gba gbogbo rẹ̀ wọlé. Ní ọjọ́ 10 oṣù Agẹmọ, ìyẹn oṣù keje, ọdún 2024, ilé ẹjọ́ àjọ ECOWAS, tí kì í ṣe ti Nàìjíríà nìkan, dá a pé Nàìjíríà tẹ ẹ̀tọ́ àwọn olùpẹjọ́ mẹ́ta lójú ní Lẹkki, ó sì ní kí wọ́n san mílíọ̀nù 2 náírà fún ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Owó náà kéré. Ṣùgbọ́n nínú ìtàn ọdún 1916 tí mo sọ lókè, kò sí irú ilé ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ tí ará Ìṣẹ́yìn kan lè gbé ẹsẹ̀ lọ.

Ẹni tí ó kàn

Mo padà sí ọ̀dọ̀ Bàbá. Mo ní mo ti rí èsì. Mo ní, ìrísí ọ̀wẹ̀ ni ohun tí àwọn ará Lọ́ńdọ̀nù ṣe fún wa ní, nítorí pé wọ́n wá, wọ́n ké, wọ́n sì lọ. Ṣùgbọ́n àáró ni ní tòótọ́. Ọ̀dọ́ òyìnbó tí ó sọ òtítọ́ nítorí Olúwalé ti bá wa ṣiṣẹ́ ní oko wa kí a tó bí púpọ̀ nínú wa. A ń jẹ gbèsè.

Bàbá ní, “Mo ti mọ̀ bẹ́ẹ̀ láti ọjọ́ yẹn. Ṣùgbọ́n ṣé o mọ ohun tí ó máa ń ba àáró jẹ́? Kì í ṣe ọ̀lẹ. Bí àwọn ènìyàn bá ti pọ̀, wọn a gbàgbé ẹni tí ó kàn.”

Mo béèrè pé kí ni wọ́n máa ń ṣe sí i nígbà tiwọn.

Wọ́n ní, “A máa ń ka orúkọ ni. Láràárọ̀, kí a tó gbé ọkọ́, a ó ka orúkọ gbogbo ẹni tí ó ti ṣe tirẹ̀ àti ẹni tí ó kù.”

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ èdè, ibi tí iṣẹ́ tiwa ti wọlé nìyí. Ẹ kọ orúkọ wọn, ẹ fi àmì ohùn sí i bí ó ti yẹ, kí ẹni tí ń bọ̀ lẹ́yìn lè pè é bí ìyá wọn ti pè é: Olúwalé ní Leeds, Jímọ̀ Ìsíákà ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ẹ fi orúkọ àwọn tí kì í ṣe ọmọ wa kún un pẹ̀lú. Lọ́jọ́ tí igbe bá sì tún ta láti ìlú kan tí a kò mọ̀, tí ẹnìkan sì béèrè pé kí ni ó kàn wá nínú rẹ̀, ẹ sọ fún un pé a ti ka orúkọ, àwa ni ó kàn.

Ó dìgbà kan ná. Ire o.